Ìpọn Tí A Fi Kọ́ Ìṣó

Bí Bàbá Ojúwọ̀n bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀, fọkàn balẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ó ń wọ̀n ọ́ ni. Á di ọwọ́ rẹ mú, á máa béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé, á máa sọ̀rọ̀ oòrùn àti òjò, ìka rẹ̀ á sì máa rìn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bí èèrà tó ń wá ọ̀nà ilé. Kò ní pẹ́, kò ní jìnnà, ohun kan á ti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde wá bá ọ. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni o, èèkù ọ̀bẹ ni o, ìyarun ni o, yóò bá ọwọ́ rẹ mu bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ló ti hù.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ oṣù, àga àti tábìlì ilé-ìwé ló ń kàn. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni, tí àwọn káfíńtà tò lọ rẹrẹ nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìlagi ń han láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Gíga kan náà, ìbú kan náà, àwọ̀ kan náà. Ọmọ tó ga á ká orúnkún sábẹ́ tábìlì, ọmọ tó kúrú á máa mi ẹsẹ̀ lófuurufú, káfíńtà ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, torí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni bátànì ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rò lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un, tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ ẹ́, ohun tí bàbá náà ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé òun ò tún ní kan nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì mọ́ láyé òun. Ohun yòówù tí òun bá tún fọwọ́ kàn, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ni ín, òun ò sì ní tà á.

Nígbà tó délé, ó fi páànù ṣe àtíbàbà sẹ́yìn ilé, ó gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀, ó kó ayùn àti òòlù jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó gbà á lákòókò ju iṣẹ́ oṣù lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Bàbá ti ṣàkíyèsí pé bí obìnrin náà bá fara ti nǹkan, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó wá gbẹ́ kòtò kékeré sórí ọ̀pá rẹ̀ kí àtàǹpàkò yẹn lè ríbi sinmi. Àbúrò náà sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dírẹ́bà, tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi kọṣẹ́. Àpótí ìjókòó ni ó kàn fún ìyẹn, ó rẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lápá ọ̀tún, kí orúnkún ọ̀lẹ náà lè nà jáde bó ṣe wù ú. Dírẹ́bà jókòó lé e, ó mi ara síhìn-ín, ó mi ara sọ́hùn-ún, ó ní ìgbà wo ni ọ̀rẹ́ òun wọn ìdí òun tí òun ò mọ̀. Bàbá ní ojú lòun fi wọ̀n ọ́n. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Òfin kan ló wà nínú iṣẹ́ náà: kì í béèrè. "Ẹ̀bùn tí a bá béèrè kó tó dé, ọjà ni," ló máa ń wí. Lójú tirẹ̀, bí o bá bi ènìyàn bóyá èyí ló fẹ́ tàbí ìyẹn, o ti jí ìdùnnú rẹ̀ jẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Kò lo téèpù, kò lo rúlà, ìbọwọ́ àti ojú ti tó o. Ó sì ń yangàn rẹ̀ kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń yangàn kì í wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná.

Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe, ìpọn ló fẹ́ràn jù, ìyẹn ṣíbí igi ńlá tí a fi ń ro ọbẹ̀, tí a sì fi ń bù ú. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ fún. Ìpọn Bàbá kì í ṣe ìpọn ọjà lásán. Ó máa ń yọ ẹnu ṣóńṣó bíi ti jọ́ọ̀gì omi sí etí rẹ̀ lápá òsì, kí ọbẹ̀ lè ṣàn wọ inú àwo láìkán sílẹ̀, á sì gbẹ́ àyè àtàǹpàkò sára ọrùn rẹ̀, kí ọwọ́ má ṣe ṣiyèméjì. Ìyàwó rẹ̀ lò ó títí etí rẹ̀ fi jẹ. Ó máa ń sọ fún àlejò pé ọkọ òun ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ, àmọ́ ó mọ ìpọn í gbẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, akunlé tí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, mú ìyàwó wálé, ta ló tún ń bi Bàbá ní ohun tí yóò fún ìyàwó? Ọmọbìnrin náà ń tún fóònù ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Dókítà Fóònù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó na ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá gbà á, ó dì í mú, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè bàbá rẹ̀, ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, títí ọkọ fi wúkọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọwọ́ rírọ̀ ni, tí kò le níbì kankan. Bàbá rò ó nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ fóònù yìí mà dẹrùn o. Ó gbẹ́ ìpọn tó fẹ́lẹ́ lọ́rùn bá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mu, ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́ títí, gbogbo wa sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, àwọn ló máa ń wá kí Bàbá. Òun kì í sábà lọ, torí ilé wọn wà lódìkejì afárá, ìgbà tó bá sì lọ, yàrá àlejò ló ń jókòó sí tí yóò fi padà. Àfi ìgbà tí òrùlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín: ilé káfíńtà ń jò. Ó fẹ́ gun àkàbà fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ fárígá, ó wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé tirẹ̀ kí àwọn tó ń ṣe òrùlé lè ráyè ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà ni ọmọ náà ti là á yé e pé òun àti ìyàwó òun ti jọ sọ ọ́, àwọn fẹ́ kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn pátápátá, kí ó má dá wà mọ́. Kí Bàbá rò ó, kí ó dá àwọn lóhùn bí òrùlé bá parí. Inú Bàbá dùn débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn kí ọkọ̀ tó gun afárá, ó kàn rántí pé àgbà kì í kánjú gba ohun tó wù ú ni.

Wọ́n délé, ó wọ ilé ìdáná láti bu omi mu, ojú rẹ̀ bá lọ sára ògiri. Ìpọn rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ìṣó. Ó mọ́ tónítóní, ó ń dán, ó jọ ohun tí ọbẹ̀ ò tíì kàn rí. Abẹ́ rẹ̀ gan-an, nínú agolo kan, ni ṣíbí onírin tí wọ́n rà lọ́jà wà, ìlò ti sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bàbá mu omi náà tán, kò mọ ìgbà tó mu ún tán.

Ó dùn ún. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dun bàbá náà dọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ẹni ṣọ́ ìkòkò tó fẹ́ hó. Ó rí i pé ọmọbìnrin náà ń gé àlùbọ́sà bí ẹni tí ọ̀bẹ ń bà lẹ́rù, àlùbọ́sà kan ṣoṣo á gba àkókò àlùbọ́sà mẹ́ta. Bó bá ń bu ọbẹ̀ fún òun, ọbẹ̀ á kán sórí tábìlì, á sáré nù ún, á tún tọrọ àforíjì. Ẹnu rẹ̀ dùn, kò rí i fín, àmọ́ nígbàkigbà tí òun bá yọ sí ilé ìdáná, ara obìnrin náà á gan. Kí ni ká ti pe èyí? Bàbá wò ó títí, ó pè é ní ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ bàbá sílé, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì fẹ́, tó kàn ń fi ọ̀wọ̀ pa á mọ́ra.

Lójúmọmọ, ó máa ń sọdá afárá lọ wo bí wọ́n ṣe ń bá òrùlé lọ, á sì yà lọ jókòó ti Dírẹ́bà. Ó rojọ́ ìpọn fún un. Dírẹ́bà ní kí ló le níbẹ̀, kí ó bi ọmọ náà léèrè. Bàbá ní òun kì í béèrè, kò sì ní jẹ́ orí ìyàwó ọmọ òun ni òun á ti bẹ̀rẹ̀. Bóyá ọrùn ìpọn yẹn ló fẹ́lẹ́ jù. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó gbẹ́ òmíràn, ó jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ sanra díẹ̀, ó fi epo pa á lára, ó gbé e lọ fún ìyàwó. Ìyàwó tún fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tún dúpẹ́ títí. Nígbà tó di ọ̀túnla, ìṣó di méjì lára ògiri, ìpọn méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà.

Bàbá ò lè jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí ó gba ọbẹ̀ kún un, ó ní òun ti yó. Ó ti pinnu ohun tí yóò sọ bí òrùlé bá parí. Yóò dúpẹ́, yóò súre fún wọn, yóò sì padà sílé ara rẹ̀ lọ máa dá gbé. Ilé tí wọn ò ti rí nǹkan fi iṣẹ́ ọwọ́ òun ṣe, kí ni wọ́n fẹ́ fi òun fúnra òun ṣe? Wọ́n á fi òun náà kọ́ ìṣó ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, ó ń wá ṣíbí kékeré tí yóò fi po tíì rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná jáde títí dé ẹ̀yìn, ó sì bá ṣíbí igi àtijọ́ kan níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní páálí páálí tí kò ní láárí kankan. Ó ti gbó, ó ti dúdú, iná ti jẹ ẹ́ nídìí. Ṣíbí yìí ti ṣiṣẹ́ láyé. Bàbá fẹ́ dá a padà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, torí káfíńtà kì í rí igi kó má wò ó. Ṣíbí igi tí ènìyàn bá fi ń ro ọbẹ̀ lójoojúmọ́, etí rẹ̀ kan máa ń jẹ ju èkejì lọ, nítorí apá kan náà ló ń ha ìdí ìkòkò nígbà gbogbo. Ti ìyàwó rẹ̀ jẹ lápá òsì. Ti àbúrò rẹ̀ jẹ lápá òsì. Gbogbo èyí tó ti rí láyé, òsì ni. Èyí jẹ lápá ọ̀tún. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bóyá òun ló dì í mú sódì, ó ṣì jẹ lápá ọ̀tún.

Ó gbé e sílẹ̀, ó mu tíì rẹ̀ láìpò ó. Bó ṣe ń mu ún ni ó rí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán ìyàwó lórí tábìlì, ọmọbìnrin náà ti gbàgbé rẹ̀. Bàbá ò tíì dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gbé abọ́ náà, ó ń béèrè ọ̀nà lọ títí ó fi débẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà há sáàárín ilé ìgẹrun àti ibi tí obìnrin kan ti ń ta bàtà. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀, ènìyàn lè ti ìta rí gbogbo inú. Fóònù kún orí tábìlì, wọ́n ti tú ìfun àwọn mìíràn síta, àwọn nọ́ọ̀tì tó kéré ju irúgbìn ẹ̀fọ́ lọ sì wà nínú ìdérí ìgò kan. Dókítà Fóònù jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń bá oníbàárà kan tàkúrọ̀sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń tú nọ́ọ̀tì sì ń fò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni. Bàbá dúró síta, ó ń wo ọwọ́ yẹn. Ó ń tú, ó ń yọ, ó ń dè, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Òun tó ti bá àwọn ọ̀gá káfíńtà ṣiṣẹ́ ò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ẹni tí àlùbọ́sà ń bá jà nílé nìyí?

Ó wọlé. Ìyàwó gbójú sókè, ó rí i, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, irin náà sì ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ó kí Bàbá, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó ní kí Bàbá jókòó. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbìyànjú láti parí ohun tó ń ṣe. Irin náà ń yọ̀, kò rí ojú ihò, nọ́ọ̀tì kan bọ́ sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nílẹ̀. Oníbàárà náà ń bi í pé kí ló dé, Dókítà, ṣé ebi ti ń pa ọ́ ni? Bàbá ní òun ń lọ wo òrùlé, ó jáde.

Ojú tì í títí ó fi dé orí afárá. Gbogbo rẹ̀ ló yé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àlùbọ́sà, ọbẹ̀ orí tábìlì, ara tó ń gan nílé ìdáná. Láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé ọmọbìnrin yìí ló ti ń fi ọwọ́ àyálò sebẹ̀, nítorí òun. Ọwọ́ rírọ̀ tí òun dì mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí òun fi sọ pé iṣẹ́ fóònù dẹrùn, ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ ni, ṣé kò ní rọ̀? Ìpọn tí òun sì yọ ẹnu sí lápá òsì, bí alòsì bá fi bu ọbẹ̀, ẹ̀yìn àwo ni ọbẹ̀ máa gbà lọ.

Dírẹ́bà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ojú tí o fi ń wọn gbogbo ayé," ó wí, "àṣé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń rí."

Bàbá ní ṣebí ọ̀tún ni gbogbo ènìyàn ń nà sí òun. Dírẹ́bà ní kí ni kí wọ́n nà sí i, òsì, kí ó lè lé wọn jáde? Bàbá kọ́kọ́ rò ó pé òun á gbẹ́ ìpọn kẹta, òun á yí ẹnu rẹ̀ sí apá ọ̀tún, òun á rọra fi kọ́ ìṣó, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń nípọn ju èkejì rẹ̀ lọ, kò sì tíì di ọwọ́ yẹn mú rí. Bó bá sì gbé e síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà á mọ̀ pé wọ́n ti tú òun fó, ẹ̀rù á tún wá bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ọgbọ́n tó lè ta sí i. Yóò béèrè.

Òrùlé parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ọmọ rẹ̀ sì ní ó dára, Bàbá, èsì wo lẹ mú wá fún wa? Bàbá ní kí òun tó dáhùn, òun ní ohun kan láti tọrọ lọ́wọ́ ìyàwó. Ó na ọwọ́. Ìyàwó na ọ̀tún.

"Èyí ti yé mi," Bàbá wí. "Mú èkejì wá."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo àwo tó ti ṣófo. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, ìyàwó ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Ọwọ́ òsì náà sá sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó jí nǹkan.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ìyàwó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Màámi ló ní n má jẹ́ kí ẹ rí i. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì wá sọ pé ká fi bu oúnjẹ fún bàbá ọkọ ẹni."

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti máa ń gbá ọwọ́ náà nílé ìwé, tí wọ́n ń gbá a nílé, kò gbọ́. Ó ní ọjọ́ tí Bàbá fún òun ní ìpọn àkọ́kọ́ gan-an ni òun ti lò ó. Òun fi ọ̀tún gbìyànjú, ọwọ́ ro òun. Òun fi òsì bù ú, ọbẹ̀ gbígbóná gba ibòmíràn lọ, ó dà sára ṣòkòtò tuntun ọkọ òun. Ọkọ rẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni, ó ní àbàwọ́n náà ṣì wà níbẹ̀. Òun wá fi kọ́ ibi tí òun á ti máa rí i, torí kò sí ohun tó dára tó o nínú ilé ìdáná òun. Kò sí bí òun ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pé ọwọ́ òun ló burú.

"Ọwọ́ rẹ ò burú," Bàbá wí. "Ìpọn mi ló burú. Mú un wá, jọ̀ọ́."

Ọwọ́ náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń lọ́ra. Bàbá fi òsì tirẹ̀ gbà á. Ó le ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, ó le ní orí ìka ìfábẹ̀lá, àpá iná wínníwínní wà lára rẹ̀ níbi tí irin gbígbóná ti máa ń ta á. Ọwọ́ oníṣẹ́ ni. Bàbá dì í mú, kò béèrè ìyá, kò béèrè bàbá. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí, ó sì dùn ún pé ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ìyàwó fi ọwọ́ kejì nu ojú, ló bá bẹ̀rẹ̀: àbúrò yín ńkọ́, Bàbá? Dírẹ́bà ńkọ́? Òjò yìí mà pọ̀ lọ́dún yìí. Ọkọ rẹ̀ wúkọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Wọ́n tún bi í pé èsì ńkọ́. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ ìpọn ná.

Ó gbẹ́ ẹ, kò yá a kíákíá. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti yọ ẹnu sápá òsì, ó ba igi kan jẹ́, ó sọ ọ́ sínú iná, ó mú òmíràn. Nígbà tó gbé e dé, ìyàwó ò wá ìṣó. Ó tì í bọ inú ìkòkò lójú Bàbá, ó fi òsì rò ó, ó fi òsì bù ú, ọbẹ̀ náà sì lọ tààrà sínú àwo, kò kán. Àlùbọ́sà ilé yẹn ò tún gba àkókò mọ́. Ní ti ìpọn ọlọ́tùn-ún méjèèjì, ìyàwó yọ wọ́n lórí ìṣó, ó kó wọn lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ti máa ń sọ pé òun ì bá máa bá a sebẹ̀, kò kàn sí ìpọn tó bá òun lọ́wọ́ mu. Ó ti rí i báyìí, méjì gan-an.

Bàbá kó wá sọ́dọ̀ wọn. Ilé rẹ̀ àtijọ́ di ṣọ́ọ̀bù, tó bá di òwúrọ̀ á sọdá afárá lọ síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á padà wálé. Bó bá fẹ́ kí ènìyàn báyìí, ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ orí ti dé sí bàbá náà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọwọ́ mọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á gba ẹ̀bùn tiwọn, wọ́n á wá mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó yà kí wọn, wọ́n sì ní kí ó jókòó jẹun. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìpọn tí ìyàwó fi ń bu ọbẹ̀. Ó ní ẹnu rẹ̀ yìí yàtọ̀ o, ọjà wo ni wọ́n ti ń ta irú èyí, òun náà fẹ́.

Ẹnu ìyàwó kún fún oúnjẹ. Ó na ọwọ́ òsì, tòun ti ìpọn nínú rẹ̀, gba ojú fèrèsé, ó nà án sí ọ̀nà afárá.

"Kì í ṣe ọjà," ó wí nígbà tó gbé e mì. "Ilé bàbá mi lọ́hùn-ún yẹn ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ."

Ọlọ́bàtà wo ọwọ́ òsì tó ń júwe ilé baba ẹni, ó yára wo ojú àgbàlagbà tó jókòó síbẹ̀, ó ń retí kí ó bá a wí. Bàbá na àwo rẹ̀ síwájú, ó ní kí ọmọ òun bu díẹ̀ kún un.